Àtakò àti Ìkórìíra: Níbo Ni Ààlà Wọn Wà?

 

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tí ó wà ní òkè òkun ń dojú kọ, tí ó sì ti ń dé etí àwọn tí ó wà nílé pẹ̀lú. Ọmọ Yorùbá tí ó ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Houston yóò jókòó pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò kan ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin, wọn yóò sì bi í pé kí ni èrò tirẹ̀. Bí ó bá dáhùn pé ẹ̀sìn òun kò fọwọ́ sí i, gbólóhùn tí ó sábà máa ń tẹ̀lé e ni pé: “A jẹ́ pé o kórìíra wa nìyẹn.” Ọ̀pọ̀ kì í mọ èsì tí wọn yóò fọ̀. Àwọn kan yóò dákẹ́, wọn yóò máa fi ẹ̀sìn wọn pamọ́ bí ẹni tí ó jí nǹkan. Àwọn mìíràn yóò gbaná jẹ, wọn yóò sì sọ ọ̀rọ̀ tí yóò fi hàn pé òótọ́ ni ẹ̀sùn náà.

Orílẹ̀-èdè Netherlands ni ó kọ́kọ́ fi òfin gba irú ìgbéyàwó yìí láàyè, ní ọdún 2001. England àti Wales ṣe òfin tiwọn ní ọdún 2013, ìgbéyàwó àkọ́kọ́ lábẹ́ rẹ̀ sì wáyé ní oṣù kẹta ọdún 2014. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ ní gbogbo ìpínlẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2015. Ní Nàìjíríà ẹ̀wẹ̀, òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá ṣe é. Ọmọ kan náà lè wọ ọkọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà ní alẹ́, kí ó sọ̀ kalẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní òwúrọ̀, kí ó rí i pé ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ sọ ènìyàn sẹ́wọ̀n ní ilé ni ìjọba ń fún ènìyàn ní ìwé ẹ̀rí lé lórí níbẹ̀. Kò lè fi òfin ìlú kankan gbé ìdáhùn rẹ̀ ró. Inú ẹ̀sìn rẹ̀ ni yóò ti wá a.

Kí a tó dájọ́, ó yẹ kí a mọ ohun tí ọ̀rọ̀ méjèèjì túmọ̀ sí. Àìfọwọ́sí jẹ́ ìdájọ́ lórí ìṣe. Ìkórìíra jẹ́ èrò ibi sí ènìyàn: pé kí ó má rí ire, kí ayọ̀ rẹ̀ di ìbànújẹ́, kí ohun tí ó ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá tí kò fọwọ́ sí ọtí tí ọmọ rẹ̀ ń mu kò kórìíra ọmọ náà. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ méjèèjì, ara ènìyàn kan ṣoṣo ni wọ́n wà.

Yorùbá ni ó yẹ kí ó tètè lóye èyí. Nínú agbo ilé kan ní Ìbàdàn tàbí ní Òṣogbo, ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ Alhaji kí àbúrò jẹ́ díákónì. Mùsùlùmí kò gbà pé ọmọ Ọlọ́hun ni Ànábì Ísà (A.S.), Kristẹni kò gbà pé òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ni Muhammad (S.A.W.). Kò sí àtakò tí ó ju èyí lọ, nítorí pé ìpìlẹ̀ ẹ̀sìn ẹnì kejì gan-an ni olúkúlùkù ń kọ̀. Síbẹ̀ ẹran Iléyá ń lọ sí ilé díákónì, ìrẹsì Kérésìmesì sì ń bọ̀ wá sí ilé Alhaji. (Àríyànjiyàn àwọn aáfà lórí jíjẹ ìrẹsì náà kò tíì parí, ṣùgbọ́n ìrẹsì kì í dúró de ìdájọ́ wọn.) Bí ìyá wọn bá kú, àwọn méjèèjì ni yóò jọ dúró létí sàréè. Ẹni tí ó bá sọ pé wọ́n kórìíra ara wọn, àwọn ará àdúgbò yóò fi í rẹ́rìn-ín.

Ìdí tí Mùsùlùmí kò fi lè fọwọ́ sí ìgbéyàwó yìí kò ṣòro láti là yé ènìyàn. Yìgì kì í ṣe àdéhùn tí tọkọtaya kàn fi ìfẹ́ inú ara wọn dá sílẹ̀. Ó ní òpó tí ó gbé e dúró: ọkọ àti ìyàwó tí kò sí èèwọ̀ láàárín wọn, aláṣẹ ìyàwó, sàdáákì, ẹlẹ́rìí, àti ọ̀rọ̀ ìfifúnni pẹ̀lú ìtẹ́wọ́gbà. Nínú ìwé òfin àwọn mádíhábì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láàárín ọkùnrin àti obìnrin ni ó wà. Ẹni tí ó bá ní kí aáfà so yìgì fún ọkùnrin méjì kò sọ pé kí ó ṣàánú àwọn. Ó ń sọ pé kí ó fi orúkọ Ọlọ́hun jẹ́rìí sí ohun tí Ọlọ́hun kò sọ. Aáfà kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ wù ú láti ṣe é.

Ó sì yẹ kí a sọ òtítọ́ pé kò sí ẹni tí ó fi dandan mú un. Òfin ọdún 2013 ní England àti Wales sọ ọ́ ní kedere pé a kò gbọ́dọ̀ fi ipá mú ilé ìjọsìn tàbí aṣáájú ẹ̀sìn kankan láti so irú ìgbéyàwó náà. Òfin ibẹ̀ kan náà ni kò ka yìgì tí a so nínú mọ́sálásí lásán, tí a kò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, sí ìgbéyàwó. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tún fi ìdí èyí múlẹ̀ ní ọdún 2020. Ohun tí ìjọba ń pè ní ìgbéyàwó àti ohun tí ṣàríà ń pè ní yìgì ti jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́hùn-ún kí ọ̀rọ̀ yìí tó dé rárá. Nítorí náà, aáfà tí ó bá gun mínbárì tí ó ń pariwo bí ẹni tí wọ́n ti fi okùn sí lọ́rùn, kò sọ bí nǹkan ṣe rí fún àwọn olùgbọ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń fẹ́ ẹ̀rí láti ẹnu àwọn tí ó wà ní apá kejì, kí ó wo Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2008, nígbà tí Barack Obama ń du ipò ààrẹ, ó sọ ní gbangba pé ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni ìgbéyàwó wà fún. Oṣù karùn-ún ọdún 2012 ni ó tó kéde pé òun ti fara mọ́ ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin. Bí àìfọwọ́sí bá jẹ́ ìkórìíra, a jẹ́ pé ọkùnrin yìí kórìíra ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹni tí ó dìbò fún un, tí ìkórìíra náà sì fò kúrò lọ́kàn rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Kò sí ẹni tí ó gba bẹ́ẹ̀ gbọ́, títí kan àwọn tí ń fi ẹ̀sùn náà kan Mùsùlùmí.

Adájọ́ Anthony Kennedy ni ó kọ ìdájọ́ ọdún 2015 náà. Ó kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ka irú ìgbéyàwó yìí sí àìtọ́ ni ó gbé èrò wọn ka orí ìpìlẹ̀ ẹ̀sìn tàbí ti ọgbọ́n orí tí ó ní ọlá, àti pé ilé ẹjọ́ kò tàbùkù wọn. Ọ̀rọ̀ tí ó jọ èyí tún wà nínú òfin tí Ààrẹ Joe Biden fọwọ́ sí ní oṣù kejìlá ọdún 2022 láti dáàbò bo ìgbéyàwó wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n adájọ́ kan náà ni ó ti kọ ọ́ ní ọdún 2013 pé òfin tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1996 lòdì sí irú ìgbéyàwó náà ń rẹ àwọn ènìyàn kan sílẹ̀, àti pé ohun tí a torí rẹ̀ ṣe é nìyẹn. Adájọ́ Antonin Scalia bínú gidigidi sí gbólóhùn yẹn. Ó rí i bí ẹni pé wọ́n pe gbogbo alátakò ní ọ̀tá ọmọ ènìyàn. Bí a bá ka ìdájọ́ méjèèjì pọ̀, ohun tí ó hàn ni pé lójú Kennedy, èrò tí ènìyàn gbà gbọ́ tọkàntọkàn yàtọ̀ sí òfin tí a fi ń tẹ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí wúlò fún Mùsùlùmí ju ìbínú Scalia lọ.

Ẹjọ́ kan tún wà tí ó yẹ kí gbogbo ọ̀dọ́ mọ̀. Ní ọdún 2014, oníbàárà kan lọ sí ilé iṣẹ́ àkàrà òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Ashers ní ìlú Belfast, ní Northern Ireland. Ó san pọ́ùn 36 àti pẹ́ńsì 50 fún àkàrà kan tí wọn yóò kọ ọ̀rọ̀ sí lára pé kí a ti ìgbéyàwó yìí lẹ́yìn. Kristẹni ni tọkọtaya tí ó ni ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n dá owó rẹ̀ padà, wọ́n ní àwọn kò lè kọ ohun tí àwọn kò gbà gbọ́. Oníbàárà pè wọ́n lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ méjì sì dá wọn lẹ́bi léraléra. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2018, àwọn adájọ́ márùn-ún ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ohùn ṣọ̀kan láti dá wọn láre. Ààrẹ ilé ẹjọ́ náà, Hale, ṣàlàyé pé kì í ṣe oníbàárà ni wọ́n kọ̀, ọ̀rọ̀ tí ó ní kí wọ́n kọ ni wọ́n kọ̀. Ẹni yòówù kí ó gbé ọ̀rọ̀ náà wá, èsì kan náà ni ìbá gbà.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ka ìlàjì ìdájọ́ náà kí ó fi ìlàjì kejì sílẹ̀. Adájọ́ yìí sọ pẹ̀lú pé bí a bá kọ̀ láti tajà fún ènìyàn nítorí irú ẹni tí ó jẹ́, àbùkù ńlá ni fún iyì ọmọ ènìyàn. Mùsùlùmí tí ó ní ṣọ́ọ̀bù tí ó bá lé ènìyàn jáde pé kí ó má ra búrẹ́dì lọ́wọ́ òun kò lè fi Ashers ṣe àpẹẹrẹ. Kò sì lè fi Ànábì ṣe àpẹẹrẹ. Hàdíìsì tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ fi yé wa pé nígbà tí Ànábì (S.A.W.) jáde láyé, ẹ̀wù ogun rẹ̀ ṣì wà ní ìdógò lọ́dọ̀ Júù kan nítorí ọkà báálì tí ó rà fún àwọn ará ilé rẹ̀. Ìyàtọ̀ ìgbàgbọ́ wọn tóbi. Òwò wọn kò torí rẹ̀ dúró.

Ìyàtọ̀ tí àwọn adájọ́ wọ̀nyẹn rí ti wà nínú Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé tipẹ́. Nínú Sūratu-sh-Shu‘arā’, nígbà tí Ànábì Lúùtù (A.S.) ń bá ìjọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, iṣẹ́ wọn ni ó sọ pé òun kórìíra. Nínú Súrà yìí kan náà, Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún Ànábì wa pé bí àwọn ènìyàn bá kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ó sọ pé òun mọ́ kúrò nínú ohun tí wọ́n ń ṣe. Kò ní kí ó sọ pé òun mọ́ kúrò lára wọn. Ohun tí ó wà nínú Sūratu Hūd tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Nígbà tí àwọn máláíkà mú ìròyìn ìparun ìjọ Lúùtù wá bá Ànábì Ibrahim (A.S.), kò fò fún ayọ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni ó ń bẹ̀ nítorí wọn, títí ó fi di àríyànjiyàn. Ọlọ́hun sọ fún un pé àṣẹ ti jáde. Ṣùgbọ́n kò bá a wí pé ó ṣàánú. Yíyìn ni Ó yìn ín ní ibẹ̀ gan-an, Ó pè é ní onísùúrù tí ọkàn rẹ̀ rọ̀. Ó ṣòro láti ka áyà yìí, kí a sì tún máa fi orí mínbárì ṣẹ́ èpè lé àwọn ènìyàn lórí.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ìyàtọ̀ tí a ń ṣe láàárín ìṣe àti ènìyàn. Wọn yóò ní: “Kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mi ni ẹ ń kọ̀, irú ẹni tí mo jẹ́ ni.” Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, kò yẹ kí a fi ẹ̀rín dáhùn rẹ̀. Ṣàríà kì í fi ìyà jẹ ènìyàn nítorí ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀; Hàdíìsì sọ pé Ọlọ́hun ti fojú fo ohun tí ẹ̀mí ń sọ fún oníwà rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí kò bá sọ ọ́ jáde tàbí kí ó fi ṣe ìwà. Nítorí náà, Mùsùlùmí tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ibi tí kò yan fúnra rẹ̀, tí ó sì ń kó ara rẹ̀ ní ìjánu nítorí Ọlọ́hun, kò dẹ́ṣẹ̀. Jìháàdì ńlá ni ó ń jà, ó sì ṣeé ṣe kí ẹni tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní sáàfù má mọ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá ní aáfà kan tí ó lè finú hàn, àléébù mọ́sálásí ni.

Ẹ̀sùn ìkórìíra kò sì ṣàdédé wáyé. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2016, nínú oṣù Ràmàdáánì, ọkùnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Mùsùlùmí gbé ìbọn wọ ilé ìgbafẹ́ kan ní ìlú Orlando, níbi tí irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń péjọ sí, ó sì pa ènìyàn 49. Àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí ní Amẹ́ríkà bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ibi náà ní ọjọ́ náà gan-an. Ìyá tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ níbẹ̀ kò ní àkókò láti gbọ́ ẹ̀kọ́ lórí ìyàtọ̀ láàárín àtakò àti ìkórìíra. Bí Mùsùlùmí bá fẹ́ kí a gba ìyàtọ̀ náà gbọ́ lẹ́nu òun, òun ni ó kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ máa tẹ̀lé e. Sūratu-l-Mā’idah ti kìlọ̀ pé kí ìkórìíra sí àwọn ènìyàn kan má ṣe tì wá dé ibi tí a kò ti ní ṣe déédéé sí wọn.

Nílé ńkọ́? Bàbá tí ó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí nípa ọmọ rẹ̀ sábà máa ń ronú nípa ohun tí ará àdúgbò yóò wí kí ó tó ronú nípa ọmọ náà. Á ju ẹrù rẹ̀ síta, á pè é ní ọmọ àlè. Níbo ni ọmọ náà yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ta ni yóò sì gbà á sílé? Imam Ahmad gba ìtàn kan wá nípa ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wá bá Ànábì (S.A.W.) tí ó ní kí ó yọ̀ǹda sìná fún òun. Àwọn tí ó jókòó jágbe mọ́ ọn. Ànábì ní kí ó súnmọ́ òun, ó mú un jókòó, ó fi ìbéèrè bá a sọ̀rọ̀: ṣé yóò fẹ́ ẹ fún ìyá rẹ̀, fún ọmọ rẹ̀, fún arábìnrin rẹ̀? Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ lé e, ó sì ṣe àdúà fún un. Kò yọ̀ǹda ohun tí ó béèrè; kò sì lé e. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Èyí tí ó burú jù ni ti àwọn tí ó ti sọ ọ̀rọ̀ yìí di òwò. Àwọn jàǹdùkú ń fi íntánẹ́ẹ̀tì tan ọ̀dọ́kùnrin wá sí yàrá, wọn yóò bọ́ ọ síhòòhò, wọn yóò lù ú, wọn yóò ya fíìmù rẹ̀, wọn yóò sì ní kí ó sanwó tàbí kí àwọn fi í ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí rẹ̀. Àwọn kan ń pe olè yìí ní ìdáàbòbò ẹ̀sìn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, àwọn ọlọ́pàá kó ọkùnrin 57 ní ilé ìtura kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ní Èkó, wọ́n sì tò wọ́n síwájú àwọn oníròyìn. Àwọn tí wọ́n kó sọ pé ayẹyẹ ọjọ́ ìbí ni àwọn wá ṣe. Wọ́n gbé 47 nínú wọn lọ sí ilé ẹjọ́. Kì í ṣe ẹ̀sùn pé wọ́n gbéyàwó, bí kò ṣe pé wọ́n ń fi ìfẹ́ hàn sí ara wọn ní gbangba. Ìjọba kò rí ẹlẹ́rìí mú wá, ní oṣù kẹwàá ọdún 2020 adájọ́ sì da ẹjọ́ náà nù. Ọdún méjì ni wọ́n ti fi ń jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ lójú ìlú.

Ṣàríà le koko lórí irú nǹkan báyìí ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Nínú Sūratu-n-Nūr, ẹni tí ó bá fi ẹ̀sùn àgbèrè kan obìnrin ọmọlúwàbí, tí kò mú ẹlẹ́rìí mẹ́rin wá, ẹgba 80 ni ìjìyà rẹ̀, a kò sì ní gba ẹ̀rí rẹ̀ mọ́. Àwọn onímọ̀ sì mú un dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin pẹ̀lú. Nínú Sūratu-l-Ḥujurāt, Ọlọ́hun ka títọpinpin àṣírí ènìyàn léèwọ̀. Ìtàn tí àwọn aáfà máa ń sọ ni ti Sayyidina Umar (R.A.), tí ó gun ògiri wọ ilé ẹnìkan tí ó bá a nídìí ọtí. Ọkùnrin náà ní òun ti ṣẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni Umar ṣẹ̀: ó tọpinpin, ó gba ibi tí kì í ṣe ẹnu ọ̀nà wọlé, kò sì tọrọ ààyè. Umar, pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, kúrò níbẹ̀, ó fi í sílẹ̀.

Fíìmù tí a yà ní ipá, tí ó ń ti orí fóònù kan bọ́ sí orí òmíràn láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kò yàtọ̀ sí gígun ògiri ilé onílé. Ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí kò gbọdọ̀ wò ó, kò sì gbọdọ̀ fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá sì gbé e wá bá aáfà pé kí ó wá rí ohun tí ọmọ lágbájá ń ṣe, kí aáfà ní kí wọ́n pa á rẹ́ lójú òun, kí ó sì bi ẹni tí ó gbé e wá léèrè ibi tí ó ti rí i.